Ilé Tí Kò Ṣe Aláìní Ohunkóhun

Àsìkò tí ọmọ ilé-ìwé kì í sí nílé ni Tín-ín-rín wọlé. Aago mẹ́wàá kò tíì lù. Ìyá rẹ̀ wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tí ẹni tó ni ín yóò wá gbà lọ́sàn-án. Bàbá bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lábẹ́ fèrèsé, ó ń ki búrẹ́dì àná bọ tíì tó ti tutù. Ọmọ náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó na ìwé kan sí ìyá rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó dojú kọ ògiri.

"Ṣé wọ́n lé ẹ wálé ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Ọmọ náà fa aṣọ ìbora bo orí.

"Mo ní ṣé wọ́n lé ẹ ni? Àbí ìwọ àti ta lẹ tún jọ jà?"

"Ẹ ka ìwé yẹn, Mọ́mì."

Ìyá náà mọ̀ pé òun kò lè kà á já. Ó lè ka iye tó wà lára tépù ìwọnṣọ, ó lè ka orúkọ ọmọ rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún bàbá ọkọ rẹ̀.

Bàbá Akọ̀wé ni gbogbo àgbàlá náà ń pe ọkùnrin yìí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ, tó ń kọ ìgbà tí òṣìṣẹ́ wọlé àti ìgbà tó jáde sínú ìwé ńlá kan, kò sì sí ojú ewé kan nínú rẹ̀ tó ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ohun tó bá kọ ni wọ́n ń gbà gbọ́. Bó bá kọ pé o kò wá síbi iṣẹ́, o kò wá náà nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ìwọ àti ọ̀gá lẹ jọ jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó na ìwé náà síwájú, ó kà á sókè.

"'Sí òbí tàbí alágbàtọ́. Nínú àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ tọdún yìí, orúkọ ọmọ yín bọ́ sí ọ̀wọ́ pupa, ọ̀wọ́ àwọn tó kùnà. Ìwé tí ilé yín fúnra rẹ̀ kọ sí wa fi hàn pé ọmọ náà ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, pé ó ní iná àti àyè tó fi ń kàwé, pé wọ́n ti yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, àti pé ilé náà kò ṣe aláìní ohunkóhun. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ohun tó dí i lọ́wọ́, ilé-ìwé gbà pé ìwà ọ̀lẹ ló fa máàkì rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò ní sí lára àwọn tí yóò ṣe ìdánwò àṣejáde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe sí àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó wá kí aago méjì ọ̀sán òní tó lù.'"

Ohùn tó fi ń ka ìwé fún gbogbo ará àgbàlá ló fi kà á, ohùn tó mọ́ gaara. Ibi tó ti dé "ilé yín fúnra rẹ̀" nìkan ni ohùn náà ti wálẹ̀ díẹ̀.

Ìyá náà ti padà sídìí máṣíìnì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ta ló yẹ ojú rẹ̀ wò?"

Bàbá Akọ̀wé ń ká ìwé náà. Ó ká a lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ká, ó fi èékánná tẹ ojú ibi tó ti ká a.

"Mo ní ta ni? Èmi ò rí dókítà kankan nílé yìí. Bí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún mi, kí n lọ kí i."

"Ìyàwó, fọ́ọ̀mù ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù."

"Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò bóyá iyọ̀ ti pọ̀ jù.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Tín-ín-rín. Bí wọ́n bá sọ nǹkan fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ sójú pátákó, bí ìgbà tí ènìyàn da omi sórí yíǹkì ló ń rí lójú rẹ̀. Ní ilé-ìwé rẹ̀, máàkì ni wọ́n fi ń pín ìjókòó. Ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ a jókòó síwájú, ẹni tí tirẹ̀ kéré a máa lọ sẹ́yìn, wọ́n á sì tún un pín lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ń pín in, nítorí náà kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Láti ìlà kẹta ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kùnà nítorí kò ríran, wọ́n sún un sẹ́yìn nítorí ó kùnà, kò sì wá rí ohunkóhun mọ́ nítorí ó wà lẹ́yìn. Ní báyìí, ògiri ló fi ń rọ̀gbọ̀kú.

Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ mìíràn tí ariwo fi dé láti ìdí ẹ̀rọ omi. Ìwé náà kò wá sílé kan ṣoṣo. Bàbá Onítáyà, tó ń lẹ táyà ní ìkóríta, ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, tòun ti gírísì lọ́wọ́, ìwé ti ọmọ tirẹ̀ sì ti dọ̀tí.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀ o. Mo gbọ́ pé ọmọ mi ní yàrá tirẹ̀ tó fi ń kàwé."

Bàbá Akọ̀wé ṣì ń ká ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe ìjà ni mo bá wá. Ibi tí yàrá náà wà ni mo fẹ́ kí ẹ fi hàn mí. Àwa méje là ń sùn sórí ẹní kan. Bí mo bá rí i, màá kó lọ síbẹ̀ lálẹ́ òní."

Àwọn tó wà nídìí omi rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ó ń kó búrẹ́dì láti ibi tí wọ́n ti ń yan án lọ tà ní ojúlé-dé-ojúlé, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?" ó bi Bàbá Onítáyà. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo dúró síbí yìí gan-an tí o ń wí pé kí wọ́n má fi ìyà kọ́ ẹ lọ́rùn?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ náà ni. O tilẹ̀ ní kí wọ́n fi firíìjì kún un."

"Ẹ gbọ́ mi, firíìjì kọ́ ló fa ìkùnà ọmọ."

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Nígbà tí fọ́ọ̀mù yẹn dé lọ́dún tó kọjá, ilé mọ́kànlá ló gbé tiwọn wá sọ́dọ̀ Bàbá Akọ̀wé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dára, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ìwé ìjọba. Ìwé náà ń béèrè bóyá ọmọ ń jẹun, bóyá iná wà, bóyá ara rẹ̀ dá. Ó kọ́kọ́ kọ ti ilé rẹ̀, ó sì kà á fún wọn gbọ́. Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó kọ tiwọn. Ó sọ fún wọn pé ọwọ́ òsì kọ́ la fi ń júwe ilé bàbá ẹni, wọ́n sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ará òpópónà kejì ni kò ní akọ̀wé. Wọ́n fi ọwọ́ wúruwùru ara wọn kọ ọ́ pé ebi ń pa àwọn, pé òrùlé ń jò, pé ọmọ ń wú ikọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àgbàlá yìí fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní báyìí, ọmọ òpópónà kejì ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní ilé-ìwé. Olùkọ́ mìíràn ń dúró kọ́ wọn lọ́sàn-án. Àwọn kan nínú wọn ti ń wọ awò ojú.

"Bàbá," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, "ọmọ tèmi wà ní ọ̀wọ́ aláwọ̀ ewé. Ó ṣe dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ lọ tún tiyín ṣe, ẹ lọ. Ẹ má fi ọwọ́ kan tèmi. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín o, mi ò tíì bá yín jà."

"Tèmi ńkọ́?" ni Bàbá Onítáyà bi í. "Tèmi pupa bí ata."

"Tìrẹ, kí o lọ bi firíìjì."

Láàárín wọn, kò sí ẹni tó béèrè ibi tí ọmọ tí wọ́n lé wálé wà.

Nígbà tí aago méjìlá lù, ọmọ Bàbá Akọ̀wé, bàbá Tín-ín-rín, dé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti jẹun ọ̀sán. Wẹ́dà ni. Iná irin ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, ó sì máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kó tó lè wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé àwo ẹ̀wà ka iwájú rẹ̀, ó gbé ìwé tì í. Ó sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún un láìdánu dúró. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó mú ṣíbí.

"Ẹ̀wà yìí ti fẹ́ kan," ó ní.

"Ẹ̀wà kọ́ ni mo ń bá ẹ sọ."

"Kí wá lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n lọ dúró níwájú tíṣà, kí n ní irọ́ ni mo pa?"

"Kí o lọ sọ pé ọmọ rẹ ò ríran."

"Àti pé ebi ń pa wá. Wọ́n á béèrè ìyẹn náà. Orúkọ mi ló wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé yẹn ló gbé iṣẹ́ géètì irin tí mo ń ṣe lọ́wọ́ fún mi. Ṣé ẹni tí ebi ń pa ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún?"

"Ṣé ebi kò pa wá ni?"

Àwo ẹ̀wà kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọkùnrin náà wò ó. Ó ti ṣíbí bọ inú rẹ̀, kò gbé e sókè.

"Bàbá ló kọ ọ́," ó wí. Kò wo ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí. "Èmi ò kọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀ pé o ò kọ nǹkan kan. Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ni o ò ti kọ nǹkan kan." Ìyá náà yíjú sí àgbàlagbà náà. Kò sọ̀rọ̀ sí i tààrà. Ara ògiri ló sọ ọ́ sí. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà..."

Kò parí rẹ̀. Ó fa aṣọ tó ń rán mọ́ra, ó wá abẹ́rẹ́.

Bàbá Akọ̀wé gbọn eérún búrẹ́dì kúrò lára. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bọ́ sálúbàtà, ó wọ bàtà aláwọ tó fi ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì, ó dé fìlà.

"Ìyàwó," ó ní, "pe ọmọ yẹn. Kí ìwọ náà bọ́ síta."

Ọkùnrin wẹ́dà náà kò tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n ti ń kọjá nídìí ẹ̀rọ omi, Ìyá Oníbúrẹ́dì wo bàtà Bàbá Akọ̀wé, ó wo fìlà rẹ̀, ó sì da omi tó ti pọn tán nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọn òmíràn, kó lè dúró wo ibi tí wọ́n ń lọ.

Yàrá tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí ní ilé-ìwé náà kò fẹ̀. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àga kan fún àlejò, àti fáìlì tí wọ́n tò jọ dé ojú fèrèsé. Olùkọ́ kékeré kan ló wà níbẹ̀, obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, oorun sì wà lójú rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ jókòó. Àga ò tó o, Mọ́mì, ẹ má bínú."

Wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá. Obìnrin náà tẹ orúkọ ọmọ náà, fọ́ọ̀mù sì yọ lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ ní yíǹkì dúdú, ó tẹ́ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí, Bàbá?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ yín mà dára o." Ó tẹ nǹkan kan, fọ́ọ̀mù mìíràn yọ. "Èyí ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Èyí?"

Obìnrin náà kò dúró de ìdáhùn. Ó ń ṣí wọn lọ níkọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi pé mọ́kànlá.

"Láti oṣù kejì ni ẹ̀rọ ti ṣa àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀," ó ní. "Ọwọ́ kan náà, ìdáhùn kan náà. Mo kọ ọ́ sí ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wo àwọn ilé náà. Wọ́n ní ilé tó ní kò sí ìṣòro, kí n má lọ kó ìṣòro bá a."

"Ẹ bá wa tún ti ọmọ yìí ṣe," ni ìyá náà wí.

"Mi ò lè ṣí ọ̀kan kí n fi mẹ́wàá sílẹ̀, Mọ́mì. Bí Bàbá bá ní òun kọ irọ́ sí ọ̀kan, Bàbá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fún gbogbo rẹ̀, kí a sì tún ìdáhùn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, àwa yóò máa wọ ilé dé ilé láti wò ó."

"Títí kan àwọn tó wà ní ọ̀wọ́ aláwọ̀ ewé?" ni Bàbá Akọ̀wé bi í.

"Títí kan àwọn náà."

"Ẹ óò yọ wọ́n?"

"Rárá o, Bàbá. A ò ní yọ ọmọ kankan. A kàn máa wọlé ni, ká wo ibi tí wọ́n ń sùn, ká ṣí ìkòkò wò."

Bàbá Akọ̀wé mi orí. Ó mọ ilé tí wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀, ó sì mọ ohun tí ẹni tó nilé náà yóò máa sọ nípa òun títí tí òun yóò fi kú.

"Bí mo bá fọwọ́ sí i, ọmọ yìí yóò ṣe ìdánwò?"

Olùkọ́ náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé, tó ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, ló dáhùn. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Orúkọ ti lọ lánàá."

"Lánàá?" ni ìyá náà wí. "Òní ni ìwé dé ọwọ́ wa. Ẹ ní kí aago méjì tó lù."

"Àtúnṣe àkọsílẹ̀ ni ìwé yẹn sọ, Mà. Kò sọ ìdánwò."

"Ọ̀gá," ni Bàbá Akọ̀wé wí, "orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ilé yín ló kọ̀wé sí wa pé orí ò fọ́ yín."

Ó mi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ títí ó fi dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tín-ín-rín ti sún mọ́ ògiri, ó ń ka ìwé àlẹ̀mọ́ kan tí wọ́n fi ìṣó kàn síbẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Olùkọ́ náà wò ó. Ó yíjú padà sí àwọn àgbà méjèèjì.

"Yóò tún kíláàsì yìí ṣe lọ́dún tó ń bọ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Ìyẹn ti bọ́, agbára mi ò ká a. Ṣùgbọ́n bí àtúnṣe bá wọlé lónìí, wọ́n á yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n á fún un ní awò, màá sì lè gbé e síwájú láìwo máàkì. Bí kò bá wọlé, ẹ̀yìn yẹn náà ni yóò ti tún un ṣe."

Ìyá náà wo bàbá ọkọ rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bú u.

"Ẹ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ béèrè," ni Bàbá Akọ̀wé wí.

Olùkọ́ náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Ṣé ọmọ máa ń jẹun kó tó kúrò nílé láàárọ̀?"

"Nígbà mìíràn."

"Kò sí 'nígbà mìíràn' níbí, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló wà."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Ṣé iná wà nílé tó fi ń kàwé?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Ṣé ó ní ibi tó ń jókòó sí kàwé?"

Ó rò ó. Àpótí kan ló wà lábẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń jókòó lé e láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Ṣé wọ́n ti yẹ ojú rẹ̀ wò?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," ni ìyá náà wí kí àgbàlagbà náà tó la ẹnu.

Olùkọ́ náà ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tó dé ìbéèrè tó kẹ́yìn, ó dúró, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"'Ṣé ẹnì kan wà nílé tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá?' Ẹ kọ ọ́ síbí pé, 'Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá bàbá rẹ̀, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì.' Èyí ṣáà jẹ́ òótọ́. Kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Nínú gbogbo ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù náà, èyí nìkan ni Bàbá Akọ̀wé kò kà sí irọ́. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń ní kí ọmọ náà gbé ìwé rẹ̀ wá. Á ṣí i, á wò ó bóyá ìlà rẹ̀ tọ́, bóyá yíǹkì ta sí i. Bí yíǹkì bá ta sí i, á kan án ní ìkó lórí. Bí ọmọ náà bá tẹ̀ ba ìwé níbi tó ti ń kọ ọ́, á ní kó gbé orí sókè, pé ìwé kì í ṣe àwo ọbẹ̀ tí wọ́n ń lá. Á pa ìwé dé, á dá a padà. Kò rántí ọjọ́ kan tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá Tín-ín-rín ń wo ilẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Tíṣà," ni ọmọ náà wí láti ara ògiri, láìyíjú. "Bàbá máa ń ràn mí lọ́wọ́."

Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bó ti sọ ọ́.

Bàbá Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," ó ní. "Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ síbẹ̀."

Olùkọ́ náà tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí fọ́ọ̀mù ilé kejì. Ti Ìyá Oníbúrẹ́dì ni.